Ẹ Kọ́kọ́ So Ọkọ̀ Mọ́lẹ̀



Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ pé, "Yóò dára," tí a ó sì káwọ́ gbera. Ṣé ìrètí rere nìkan tó? Àwa olùkọ́ ilé-kéwú pàápàá jẹ̀bi: a máa ń sọ fún ọmọ tí kò tètè mọ kéwú pé Ọlọ́hun yóò là á níyè, a kì í sì í dúró kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ànábì wa (S.A.W.) sọ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ràkúnmí sílẹ̀ pé kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Àwa ará Ìlàjẹ kò ní ràkúnmí, ọkọ̀ la ní. Apẹja wo ni yóò ṣe àdúà tán tí kò ní so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó?

Ẹnìkan lè bi wá pé: bí a bá so ó tí omi ṣì gbé e lọ ńkọ́? Ẹ wo Ayétòrò. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹ̀sìn wọn kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Síbẹ̀ òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé wọn. Àwọn tí omi lé sì ń tún ilé kọ́ sẹ́yìn.

Ibẹ̀ gan-an ni ìrètí ti wúlò: lẹ́yìn iṣẹ́, kì í ṣe dípò iṣẹ́. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọkàn tí ń retí àti ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́. Àmín.