Bí Kò Bá Nídìí

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹni tó fẹ́ tún ìgbé ayé rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń pinnu lọ́jọ́ ọdún tuntun pé àwọn ti jáwọ́ nínú ọtí. Kí oṣù kejì tó parí, wọ́n ti padà sídìí ìgò. Ẹnu ni wọ́n fi pinnu, inú kò mọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ ìdí tó lágbára ní Àgbádárìgì. Ní 1839, àwọn Yorùbá kan tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú dáwó jọ ní Freetown níbi tí wọ́n kó wọn lọ, wọ́n ra ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrú tẹ́lẹ̀, wọ́n sì wọ̀ ọ́ wá sí èbúté yìí. Wọ́n nílé, wọ́n níṣẹ́ ọwọ́ ní Freetown; òwò ẹrú kò sì tíì tán ní Àgbádárìgì. Kí ló lè mú ẹni tó bọ́ lẹ́nu ẹkùn padà sí bèbè ihò ẹkùn? Ìyá, ọmọ ìyá àti ilé baba ni. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìdí kì í ní kí ọ̀nà má dí o. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ bákan náà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845. Abẹ́òkúta ló ń lọ wàásù, ṣùgbọ́n ikú Ṣódẹkẹ́, olórí ìlú náà, àti ogun dá a dúró ju ọdún kan lọ. Kò ṣẹ́rí padà. Ibi tó dúró sí náà ló ti ń wàásù. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ yípadà bi ara rẹ̀ pé: nítorí ta ni? Ẹni tí ariwo ìyàwó lé kúrò nídìí ọtí yóò padà síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó bá lọ sọ́jà. Ẹni tó ń fi sìgá sílẹ̀ kí ó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kò nílò ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdí nìkan kò tó: àárò ilé kọ́ ló ra ọkọ̀ ní Freetown, owó tí wọ́n dá ni.

Ẹ má yá ìdí ẹlòmíràn lò. Ẹ wá tiyín, kí ẹ sì ṣe ohun kan lé e lórí kí ilẹ̀ òní tó ṣú.