Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọba inú òwe yìí kò gé ọwọ́ látọrùn ọwọ́. Ìka kan ló ń wá, ó sì gbọ́dọ̀ dá a mọ̀ láàárín márùn-ún kó tó gbé ọ̀bẹ.

Ẹ wo ẹni tó mu ẹmu yó níbi òkú àgbà ní Osi, ní ìpínlẹ̀ Kwara, tó gun ọ̀kadà, tó ń wọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì lọ sí Iloffa. Ìka yẹn ṣẹ̀, n kò ní bá a bò ó. 5,000 náírà ni ìtanràn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kọ sí i. Bó bá pààyàn, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Ẹni tó yó, tó ń da ìgboro rú, náà lè ṣẹ̀wọ̀n lábẹ́ Penal Code, òfin ilẹ̀ Àríwá tí Kwara ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn Èkìtì ló wà lẹ́nu àwọn ará Osi àti Iloffa. "Ọtí ló ṣe mí" kì í gba ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife.

Ṣùgbọ́n ìka wo ló ṣẹ̀ gan-an? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀, ó lè jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é, tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ forí gbálẹ̀. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí olùpẹjọ́ yóò fi fẹ̀rí hàn, ó sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti gba agbẹjọ́rò. Ó ń dùn mí pé àwọn kan ń gbà pé àwọn jẹ̀bi kí ẹjọ́ lè tètè tán, láìbéèrè bí wọ́n ṣe wọn ọtí inú èémí wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Legal Aid Council ń bá aláìní rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.