Dókítà àti Ìwé Ìtàn

Ọmọ kan ní Òkè-Ogbó bi mí pé: ẹni tí ó fẹ́ di dókítà ha lè kọ́ ìtàn pẹ̀lú bí? Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó lé eku méjì a máa pòfo. Bí dókítà kò bá sì mọ iṣẹ́, aláìsàn ni yóò jìyà.

Síbẹ̀, ẹ rántí Dókítà Obadiah Johnson. Ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Samuel Johnson, fọwọ́ kọ sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Samuel kú ní 1901. Dókítà yìí sì tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù. A tẹ̀ ẹ́ ní 1921.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ yín dunjú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kejì tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má ṣe jù ú nù. Ìlú lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ́la.