Ààrò Tí Ìyá Fi Lé Wa Lọ́wọ́

 

Nínú súrà Adh-Dhāriyāt, ayah 21, Ọlọ́hun pè wá láti wo ara wa. Inú sẹ́ẹ̀lì wa ni àwọn ohun tíntìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní mitochondria. Awọ méjì ló bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti inú ká wọnú ara rẹ̀ lákàátúnká, kí àyè iṣẹ́ lè pọ̀. Ibẹ̀ ni oúnjẹ tí a jẹ àti atẹ́gùn tí a mí sínú ti ń pàdé, tí wọ́n ń di agbára tí a fi ń rìn, tí a fi ń kírun. Ààrò ni wọ́n.

Wọ́n ní DNA tiwọn, jíìnì 37. Ní 1967, Lynn Margulis ará Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé bakitéríà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn gbé mì. Àwọn onímọ̀ gbà bẹ́ẹ̀ lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá èyí kò ba ìgbàgbọ́ òun jẹ́. Rárá o. Ẹni tó mọ bí a ṣe mọ ilé kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé ilé kò ní ọ̀mọlé.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù nìyí: ti inú àtọ̀ bàbá a máa parun nínú ẹyin, ti ìyá ló ń kù sí wa lára. Mo mọ ọ̀dọ́kùnrin kan tó jáde yunifásítì, tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó ń ta èlùbọ́ jókòó níwájú níbi yìgì rẹ̀. Arákùnrin, ààrò ìyá rẹ ni agbára tí o fi dúró níbẹ̀ ti wá. Bí o bá ń ka ìwé yìí, màmá ṣì wà láyé.