Ìwòsàn Ṣáájú Àìsàn: Ọ̀pá Ẹ̀yìn, Chiropractic àti Bàtà Onítáyà

Ẹni tó bá wọ bàtà onítáyà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní síkéètì, kì í ṣubú bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn. Ẹni tó kọsẹ̀ máa ń ṣubú síwájú, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti tètè nà láti gbà á. Ṣùgbọ́n táyà lè yọ̀ kúrò lábẹ́ ẹni láìròtẹ́lẹ̀: ẹsẹ̀ á lọ síwájú, ara á ṣẹ́kù sẹ́yìn, ìdí ni yóò sì kọ́kọ́ kan kọ́ńkéré. Eegun kékeré tó parí ọ̀pá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ á gba ìwúwo tí kò bá a mu, ó sì lè sán. Bí ọwọ́ bá yá, ọrùn ọwọ́ ni yóò forí fá a. Bí ẹni náà kò tilẹ̀ ṣubú rárá, eré ọ̀hún kò fi ìbàdí lọ́rùn sílẹ̀. Orúnkún ní láti tẹ̀, àyà ní láti bẹ̀rẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹsẹ̀ kan á máa ti ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ìgbáròkó kejì ń dá gbogbo ara gbé. Lẹ́yìn wákàtí kan, iṣan iwájú itan á ti le, á máa fa ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, eléré á sì fọwọ́ ti ìbàdí bí aláboyún tó ti dúró pẹ́ lórí ìlà.

Ewu yìí bá bàtà náà wáyé ni. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa John Joseph Merlin, ará Huy ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Belgium lónìí, ni pé ó wọ bàtà onítáyà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ sí òde àríyá kan ní Soho, London, láàárín ọdún 1760 sí 1770. Ó ń ta fáyólìn bó ṣe ń yọ̀ lọ láàárín èrò. Bàtà ọ̀hún kò ní bíréèkì, kò sì lè yà, ló bá sáré wọ inú dígí ńlá kan. Dígí fọ́, fáyólìn fọ́, Merlin náà sì farapa gidigidi. Ọdún 1863 ni James Plimpton ti New York ṣe bàtà ẹlẹ́sẹ̀ táyà mẹ́rin tó ń yà bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá fara tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ìgbà náà, ìbàdí ló di sítíárìn.

Eléré bàtà onítáyà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ chiropractic, ìyẹn àwọn tó ń fọwọ́ to eegun ẹ̀yìn, ní Amẹ́ríkà máa ń sọ fún pé kó wá kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún: kí wọ́n to ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ gún, kí ìgbáròkó rẹ̀ dọ́gba, kí ìfarapa má baà rí ọ̀nà wọlé. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú eléré ìdárayá lásán, àmọ́ ìbéèrè ẹ̀sìn kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ara tó mọ bó ṣe yẹ kí ara wà? Ṣé ọwọ́ ènìyàn lè la ọ̀nà fún nǹkan náà? Ṣé a sì lè wo ẹni tí kò tíì ṣàìsàn sàn?

Daniel David Palmer, ọmọ Kánádà tí wọ́n bí ní 1845, tó dá chiropractic sílẹ̀, ni ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn, tó ń sọ pé agbára kan bíi ti òòfà ń ti ara òun jáde, kí ó tó bá Harvey Lillard pàdé nínú ilé tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Davenport, ìpínlẹ̀ Iowa, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895. Lillard, ọkùnrin adúláwọ̀ tó ń tọ́jú ilé náà, ní etí òun ti di láti ọdún 17 sẹ́yìn, ní ọjọ́ tí òun ká ara kò níbi tó fún, tí òun sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan yẹ̀ ní ẹ̀yìn òun. Palmer fọwọ́ wá eegun kan tó yọ, ó tì í wọlé, ó sì kéde pé Lillard ti ń gbọ́ràn. Iṣan tó ń gbé ohùn láti etí lọ sí ọpọlọ kò gba ẹ̀yìn kọjá rárá. Inú agbárí ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí. Ìyẹn kò dá Palmer dúró. Kò pẹ́ tó fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àrùn 95 nínú 100 ló ti ọ̀dọ̀ eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ wá, àwọn oríkèé yòókù ló sì ni ìyókù. Samuel Weed, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí Palmer tọ́jú, ló fún iṣẹ́ náà ní orúkọ Gíríìkì tó ń jẹ́ títí dòní, èyí tó túmọ̀ sí iṣẹ́ tí a fọwọ́ ṣe.

Ohun tí Palmer rò pé òun ń tú sílẹ̀ bí ó bá ti eegun ni ó pè ní Innate, ìyẹn ọgbọ́n àbínibí. Lójú tirẹ̀, ẹ̀ka kan ni lára Ọgbọ́n tó kárí ayé, èyí tí àwọn ẹlẹ́sìn ń pè ní Ọlọ́run. Ọpọlọ ni ọgbọ́n yìí ti ń ránṣẹ́, ó ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Bí eegun kan bá yẹ̀ díẹ̀ tó tẹ iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà, ìhìn kò ní dé ibi tí a rán an, àìsàn á sì ti ibẹ̀ yọ. Yíyẹ̀ díẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní subluxation, lè wà lára ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Níbí gan-an ni ìlérí ìdènà ti wá: bí ìdíwọ́ bá lè wà kí ìrora tó dé, ó yẹ kí a lè mú un kúrò kí ìrora tó dé. Palmer kò sì fi ibi tó ti rí ìmọ̀ náà pamọ́. Ó gbà pé òkú ń bá alààyè sọ̀rọ̀, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1914, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, sì sọ pé ẹ̀mí oníṣègùn kan, Jim Atkinson, tó ti kú ní àádọ́ta ọdún ṣáájú, ló fi í han òun. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ilé Yorùbá tí baba tó ti kú ti lè fi ewé han ọmọ lójú àlá.

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ọgbọ́n àbínibí yìí wúlò ní kóòtù pẹ̀lú. Wọ́n ti Palmer mọ́lé ní 1906 nítorí pé ó ń ṣe ìṣègùn láìní ìwé àṣẹ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Shegataro Morikubo lọ sí kóòtù ní La Crosse, Wisconsin, lórí irú ẹ̀sùn kan náà. Agbẹjọ́rò rẹ̀, Tom Morris, sọ pé chiropractic kì í ṣe ìṣègùn, pé ó ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ọgbọ́n orí tirẹ̀, wọ́n sì dá Morikubo sílẹ̀. Nínú lẹ́tà kan ní 1911, Palmer rò ó bóyá kí wọ́n kúkú sọ iṣẹ́ náà di ẹ̀sìn kí òfin má baà mú wọn. Ó sì ka ara rẹ̀ mọ́ irú àwọn tó dá ẹ̀sìn sílẹ̀, bíi Jésù, Muhammad àti Martin Luther. Ó ṣòro láti mọ ibi tí ìgbàgbọ́ ti parí tí ọgbọ́n àtisá fún òfin ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ má mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe asán ni gbogbo rẹ̀. Pé ara ń wo ara rẹ̀ sàn kò ní àríyànjiyàn. Teguntegun ń to eegun ni, kì í ṣe òun ló ń so ó. Dókítà tó fi POP dì í kò so ó pẹ̀lú. Oníṣègùn Georg Stahl ní Jámánì ti sọ ṣáájú Palmer, ní nǹkan bí 200 ọdún, pé ẹ̀mí ló ń darí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ibi tí ọ̀rọ̀ Palmer ti fẹsẹ̀ kọ ni bó ṣe ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọgbọ́n náà ń gbà. Nígbà tí dókítà Christiaan Barnard pààrọ̀ ọkàn aláìsàn kan ní Cape Town ní oṣù Kejìlá ọdún 1967, gbogbo iṣan tó so ọkàn tuntun náà mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó ni ín ni wọ́n ti gé, kò sì sí èyí tí wọ́n so mọ́ ti ẹni tó gbà á. Síbẹ̀ ọkàn náà lù. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ já tí kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́, eegun ẹsẹ̀ náà ṣì ń so bó bá ṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbà pé Ọlọ́run fi ọgbọ́n sínú ara lè máa gbà á láìsí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti rò pé ọgbọ́n ọ̀hún ń dúró de ẹni tí yóò ti eegun kí ó tó rí ọ̀nà kọjá.

Ìṣòro kejì wà nínú ìdènà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣubú tó farapa ní ojú ọgbẹ́ tó lè fi hàn. Ẹni tó ń lọ síbi ìtọ́jú lóṣooṣù tí kò sì farapa, kí ni yóò nawọ́ sí? Yorùbá mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Ẹni tó sín gbẹ́rẹ́ okígbẹ́, bí àdá kò bá ràn án, okígbẹ́ jẹ́. Bí àdá bá ràn án, ó ti jẹ èèwọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni eléré tó farapa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ìtọ́jú lè gbọ́ pé òun ni kò wá déédéé. Ohun tí kò sí àbájáde tó lè ta kò ó kò tíì sọ nǹkan kan fún wa nípa ẹ̀yìn.

Ìdènà tí a lè kà wà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1996 fi àwọn oníbàtà onítáyà tó fi ọrùn ọwọ́ ṣèṣe wé àwọn tó fi ibòmíràn ṣèṣe. Ewu ọrùn ọwọ́ fún ẹni tí kò de ohun ìdáàbòbò mọ́ ọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti ẹni tó dè é. Kò sí èèwọ̀ nínú rẹ̀, kò sì béèrè ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì chiropractic náà yẹ ní wíwò. Eléré á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ tó wà lókè á ká. Oníṣẹ́ á fi ọwọ́ kan ti èjìká rẹ̀ sẹ́yìn, á fi àtẹ́lẹwọ́ kejì wá ibi tí ìbàdí ti pàdé ẹ̀yìn, á ní kó mí jáde, á sì tì í lójijì, ó kéré, ó yá. Nǹkan á ró pàù. Ọ̀pọ̀ gbà pé eegun ló padà sí àyè rẹ̀. Kì í ṣe eegun. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Alberta, Kánádà, fi ẹ̀rọ MRI wo ìka ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á, wọ́n sì rí i pé àlàfo afẹ́fẹ́ ló ń là nínú omi oríkèé lẹ́ẹ̀kan náà tí ó ń dún. Ìtura tó ń tẹ̀ lé e jẹ́ òótọ́. Ara á dẹ̀, ẹ̀yìn á yí dáadáa. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ American College of Physicians, nínú ìlànà wọn ti 2017, fi irú títì bẹ́ẹ̀ kún ohun tí a lè kọ́kọ́ lò fún ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dunni, pẹ̀lú ooru, ìfọwọ́ra àti abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà. Ní Sweden, ìwádìí kan ní 2018 wo àwọn tí ẹ̀yìn ti ń yọ lẹ́nu léraléra, tí ìtọ́jú chiropractic sì ti ràn lọ́wọ́: àwọn tó ń padà wá ní àkókò tí a dá fún wọn fi nǹkan bí ọjọ́ 13 lọ́dún gbádùn ju àwọn tó ń dúró kí ìrora mú wọn wá. Ẹ̀yìn tó ti dunni rí nìyẹn. Kò sọ nǹkan kan nípa eléré tí nǹkan kan kò tíì ṣe.

Fún ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ̀rí tó dára wà fún ni eré ìdárayá tó ń fún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti ìbàdí lágbára, tí ẹ̀kọ́ nípa lílo ara sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àkójọ ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé méjèèjì pọ̀ ń dín ìrora ẹ̀yìn kù. Fún oníbàtà, èyí ni dídá dúró lórí ẹsẹ̀ kan, gbígbé ìdí sókè nígbà tí a bá fẹ̀yìn lélẹ̀, àti nínà iwájú itan lẹ́yìn eré. Ó tún ní láti kọ́ bí a ṣe ń ṣubú: kó tẹ orúnkún sí i nígbà tó bá mọ̀ pé òun ń lọ, kó darí ara síwájú sórí ohun tó dè mọ́ orúnkún, kó má jókòó sórí kọ́ńkéré.

Láàárín àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn, ìjà lórí ọgbọ́n àbínibí ti pẹ́. Àwọn kan dúró ti Palmer gbágbáágbá, àwọn kan sì da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti eré ìdárayá. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, General Chiropractic Council tó ń fún wọn níwèé àṣẹ sọ ní 2010 pé subluxation jẹ́ èrò láti inú ìtàn, pé ìwádìí kò fi hàn pé òun ló ń fa àrùn. Oníṣẹ́ tó bá gba èyí lè máa tọ́jú ẹ̀yìn tó ń dunni láìlérí ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì mọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ wà lára wọn. Èyí tó burú jù ni ẹni tó ṣubú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń rọ, tí ojú ara àti ibi ìjókòó rẹ̀ kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tí kò sì lè mú ìtọ̀ dúró. Iṣan ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti há, ilé ìwòsàn ńlá ló sì gbọ́dọ̀ dé lọ́jọ́ náà gan-an.