Àdéhùn Kànga àti Òógùn Alágbàṣe

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi omi ṣe ìṣẹ̀mí fún gbogbo ohun abẹ̀mí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú tí omi bá fà, ìgbà náà ni a ń gbẹ́ kànga tuntun sí àgbàlá wa, láti Ìkìrun dé Ìníṣà títí dé Òkukù. Ìgbà náà sì ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀ láàrin onílé àti agbaṣẹ́ṣe. Ẹni méjì tí wọ́n jọ ń kírun nínú sáàfù kan náà kò ní kí ara wọn mọ́ nítorí kànga. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan.

Ta ni kí á gbé iṣẹ́ fún? Súrátul-Qasas, áyà 26, sọ fún wa pé ọmọbìnrin bàbá àgbà kan ní Madyan ni ó gba bàbá rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó gba Ànábì Mūsā síṣẹ́. Ohun méjì ni ó wò lára rẹ̀: agbára àti ìṣòótọ́. Ní ọdún 622, nígbà Híjírà, ẹni tí Ànábì àti Abū Bakr gbà láti fi ọ̀nà hàn wọ́n kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà, wọ́n sì fọkàn tán an dé ibi pé wọ́n kó ràkúnmí wọn lé e lọ́wọ́. Nítorí náà, “a jọ ń kírun ni” nìkan kò tó. Ẹ lọ wo kànga tí agbaṣẹ́ṣe náà gbẹ́ ní èṣí. Ẹ bi onílé bóyá wọ́n ń rí omi fà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì bi í bóyá wọ́n parí iṣẹ́ láìjà.

Áyà tí ó gùn jù nínú Alukuránì, Súrátul-Baqarah 282, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Ẹni tí ó bá ka ìwé Risāla Ibn Abī Zayd ní ilé kéwú mọ̀ pé owó iṣẹ́ àti gbèdéke rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n àwa ń sọ pé, “Bàbá ni agbaṣẹ́ṣe yìí jẹ́ fún mi, báwo ni mo ṣe máa ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé?” Ẹ pè wọ́n ní bàbá, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kì í ṣe àrífín. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Àpáta ni ó máa ń dá ìjà yìí sílẹ̀ jù. Onílé dá owó kan lé gbogbo iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe gbẹ́ ẹsẹ̀ 20, ó kan àpáta, ó ní owó kò tó mọ́. Onílé ní àdéhùn ni àdéhùn. Oníkálukú gbà pé òun ni wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ. Ẹ kọ iye owó ẹsẹ̀ kan lórí ilẹ̀ rírọ̀, kí ẹ kọ ti àpáta lọ́tọ̀. Ẹ kọ ẹni tí yóò ra sìmẹ́ńtì, ìgbà tí ẹ ó san owó, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí omi kò bá jáde. Nínú áyà 27 Súrátul-Qasas, bàbá Madyan dá ọdún 8 fún Mūsā. Bí ó bá sọ ọ́ di 10, oore ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹ rí i pé ẹ̀tọ́ dá dúró, oore dá dúró. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ni yóò bá ènìyàn jà lórí oore.

Ẹ̀mí ju omi lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ ìfami tí ń lo bẹntiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kí ó tó ké. Kí kànga sì jìnnà sí ṣáláńgá tiyín àti ti aládùúgbò. Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń sọ.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ san owó. Ànábì kọ́ wa pé kí alágbàṣe gba owó rẹ̀ kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Nínú hádíìsì tí Bukhārī gbà wá, ẹni tí ó gba iṣẹ́ pé lọ́wọ́ alágbàṣe tí kò san owó rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣe ẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà tàbí tí ẹ ti di agbaṣẹ́ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Lébìrà tí ó fa erùpẹ̀ jáde láti àárọ̀, ẹ̀yin ni onígbèsè rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí ẹ yọ nínú ti onílé, Ọlọ́hun rí i.

Omi kànga yìí ni a ó fi ṣe àlùwàlá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tí a gbà gbẹ́ ẹ mọ́ bí omi inú rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí ń pa àdéhùn mọ́. Āmīn. Wa billāhi tawfīq.