Gbígbára Lé Ohun Tí A Kò Dárúkọ: Ẹ̀kọ́ Ìwà Láti Inú Èdè Kọ̀ǹpútà C

Kò sí ẹni tí ó ń kọ nǹkan tí kì í gbára lé iṣẹ́ ẹlòmíràn. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Nítorí náà, a kò ní béèrè bóyá ó yẹ kí a gbára lé ara wa. Ìbéèrè tiwa ni pé: bí a bá ń lo ohun tí a kò tọrọ, tí a kò sì dárúkọ, tí ẹni tí ó ni ín wá gbé e kúrò, ta ni ó jẹ̀bi? A fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò níbi tí àwa onímọ̀ èdè kì í sábà dé, èyíinì ni inú èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C.

Dennis Ritchie ni ó ṣẹ̀dá èdè C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ètò ńlá tí a bá fi èdè yìí kọ lè pín sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì. Ògbufọ̀ kan wà, compiler ni wọ́n ń pè é, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ C di èdè ẹ̀rọ. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ka fáìlì kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́ kí a ti kéde orúkọ kí a tó lò ó. Inú fáìlì tí wọ́n ń pè ní header ni a ń kó irú ìkéde bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò wọ́n yóò kọ #include pẹ̀lú orúkọ header náà, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì wọ inú fáìlì tirẹ̀ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Bí header yìí bá sì pe òmíràn, ìyẹn náà yóò bá a wọlé, bí àlejò tí ó mú àlejò mìíràn lẹ́yìn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìwà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé oja.h pe owo.h. Òǹkọ̀wé ètò kan nílò méjèèjì, ṣùgbọ́n oja.h nìkan ni ó pè, nítorí ó rí i pé owo.h ti bá a wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó ni oja.h rí i pé òun kò nílò owo.h mọ́, ó sì yọ ọ́. Compiler bá kọ iṣẹ́ òǹkọ̀wé wa. Kò yí ohunkóhun padà nínú fáìlì tirẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí ó yọ ọ́ ni ó jẹ̀bi, nítorí pé ohun tí ó bá ti pẹ́ nílẹ̀ ti di àṣà. Àwíjàre yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó lójú tiwa. Ẹni tí ó ni oja.h kò ṣèlérí owo.h fún ẹnikẹ́ni. Ìlò ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Èyí tilẹ̀ burú ju àgbàwọ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ó ni ṣòkòtò kò mọ̀ pé a wọ̀ ọ́. Àwa onímọ̀ náà kò ṣàì mọ irú rẹ̀: ẹni tí ó rí àyọlò nínú ìwé ẹnìkejì, tí ó sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tirẹ̀ láìṣí ìwé àkọ́kọ́ wò. Bí ẹnìkejì bá tún ìwé rẹ̀ tẹ̀, tí ó yọ àyọlò náà, kí ni onímọ̀ yìí yóò tọ́ka sí?

Síbẹ̀, ẹni tí ó ni header kò bọ́ nínú ẹ̀bi pátápátá. Ohun tí ó bá kó wọlé, gbogbo ẹni tí ó bá pè é ni yóò rù ú. Rob Pike ti sọ ọ́ pé ní 1984, nígbà tí wọ́n ń fún compiler ní ps.c, ọ̀kan nínú àwọn ètò Unix, ìgbà 37 ni a pe header kan ṣoṣo tí ń jẹ́ sys/stat.h. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó wúlò. Ní ti 36 yòókù, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ní 1989, Pike gbà wá nímọ̀ràn pé kí header má ṣe pe header rárá, kí ẹni tí ó ń lò ó pe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. A kò lè bá a dé ibẹ̀, nítorí pé ẹrù àìní tí kò hàn sí ẹni tí ń lò ó ni èyí ń dì lé e lórí. Kí header pe ohun tí òun fúnra rẹ̀ nílò, kí ó má sì pe ju bẹ́ẹ̀ lọ: èyí ni ó tọ́ lójú tiwa.

Kódà, ó ṣeé ṣe kí ohun tí a nílò kéré sí ohun tí a rò. Bí fáìlì wa bá kàn ń ta àtaré ohun kan láìtú u wò, ìkéde orúkọ nìkan, bí struct owo;, ti tó. Ẹni tí a fi àrokò rán kò nílò láti tú u kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ẹni tí kò bá mọ inú nǹkan, àyípadà inú rẹ̀ kò lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Bí a kò bá tètè ṣe èyí, gbèsè ni yóò gorí gbèsè. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Ingo Molnar, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Linux, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, gbé àtúnṣe tí ó lé ní 2,200 jáde láti dín ìgbáralé àárín àwọn header rẹ̀ kù. Iṣẹ́ tí ó ju ọdún kan lọ ni. Ìdí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń pọ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ yọ #include kan kò kàn lè yọ ọ́; ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá gbogbo fáìlì tí ó ń fi ẹ̀yìn tì í láìwí, kí ó sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò sínú rẹ̀.

Nínú èyí ni a ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè wa. Ẹni tí ó lò láìdárúkọ ni ó jẹ̀bi àkọ́kọ́, nítorí pé ìlà kan péré ni ì bá ná an. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ni ín bá mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń fi ẹ̀yìn tì í, tí ó sì yẹra lójijì láìkìlọ̀, kò lè ní òun kò mọwọ́ nínú ìṣubú wọn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti yọ ohun tirẹ̀. Bí yóò ṣe yọ ọ́ ni ó kan ìwà.